Ẹ má tíì mú déètì: bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó àsìkò láti ṣílé ìwé padà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo òbí ń bi wá lọ́dún 2020 tí kòrónà ti ilé ìwé pa, lọ́jà o, lórí fóònù o, lẹ́nu géètì o: "Tíṣà, ọjọ́ wo lẹ máa wọlé?" Èmi ń bi prínsípà, prínsípà ń bi àwọn ọ̀gá ní sẹkitéríáàtì, àwọn yẹn ń wo ẹnu gómìnà, gómìnà náà ń wo ẹnu Àbújá. Déètì la ń wá, gbogbo wa. Èmi ni mo ń kọ mínítì nínú ìgbìmọ̀ kékeré tí ilé ìwé wa n'Íbàdàn gbé kalẹ̀ nígbà yẹn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé déètì yẹn gan-an ló yẹ kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú déètì, déètì náà láá máa lé e kiri, á wá di alẹ́ ọjọ́ Sunday tí wíwọlé ku ọ̀la kó tó máa wá ẹni tó máa tún ẹ̀rọ omi ṣe.

Ẹni tí mò ń kọ èyí fún ni ẹni tọ́rọ̀ máa kàn nígbà mìíràn: alága PTA, ẹni tó ni ilé ìwé aládàáni, prínsípà, kánsẹ́lọ̀ tí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù ẹ̀. Ebola dé ní 2014, kòrónà dé ní 2020, èyí tó kàn ò ní ránṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Ọjọ́ 27 oṣù kejì 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, ó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó mọ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n ti ilé ìwé, Èkó ti tiẹ̀ ní ọjọ́ 23. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù yẹn kan náà, lọ́kídáànù wọ Èkó àti Àbújá, Ògùn tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, ó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Ọjà ṣí, báǹkì ṣí, ilé ìwé ò ṣí. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ò ti ìlú pa pátápátá, kọ́fíù alẹ́ la ní, ó sì ní kí àwọn kíláàsì tó fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde, praímárì 6, JSS3 àti SS3, wọlé ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ò ní wọlé o, àwọn ọmọ wọn ò sì ní ṣe WAEC tọdún yẹn. Kí oṣù keje tó parí wọ́n ti tún yí i: kí SS3 wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, kí WAEC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Ẹ wá wo ìyá kan ládùúgbò wa tọ́mọ ẹ̀ ń lọ sílé ìwé ìjọba àpapọ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ọmọ ilé kejì tó wọ yunifọ́ọ̀mù kọjá lọ, SS3 làwọn méjèèjì, WAEC kan náà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Rárá tí wọ́n sọ yẹn ò dun obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ fún un, nǹkan wo ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí rárá tó di bẹ́ẹ̀ ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ kọ àwọn nǹkan tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ sínú ìwé, ẹ kọ ọ́ nígbà tílé ìwé ṣì wà ní títì, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níta. Kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Omi ń yọ. Àga ti tò, iye ọmọ tó lè gba kíláàsì kọ̀ọ̀kan rèé. A ti bá tíṣà kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. A mọ ẹni tá a máa pè bí ọmọ kan bá ṣàìsàn. Nígbà tá a lẹ tiwa, ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá yí padà lọ́jọ́ kejì. Bàbá kan dúró ka ìwé náà tán, ó ní, "Omi ni ò tíì yọ yìí? Plọ́ḿbà ni mí, kí ló dé tẹ́ ò sọ?" Ó dé lọ́jọ́ Saturday tòun tọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ká ní déètì la kọ síbẹ̀, á kàn wo ọjọ́, á máa bá tiẹ̀ lọ ni.

Ọ̀rọ̀ òǹkà ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Alaalẹ́ ni NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ń gbé tiwọn jáde lọ́dún yẹn, àwọn èèyàn á máa dúró dè é bí ẹni tó ń retí èsì bọ́ọ̀lù, Èkó mélòó, Ọ̀yọ́ mélòó. Àmọ́ iye ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí i lára ẹ̀ ni òǹkà yẹn, kì í ṣe iye ẹni tó ní in. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan yẹ èèyàn 10 wò, 2 ní in. Ìjọba ìbílẹ̀ kejì yẹ 200 wò, 6 ní in. Ẹni tó bá ń wo 6 àti 2 á ní ibi tó ní 6 ló burú, ó sì jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún, 3 péré ni tibẹ̀, ibi tó ní 2 ọ̀hún ni 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé àrùn ń jà níbẹ̀, wọn ò kàn wá a ni. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ ọ́ lóṣù karùn-ún 2020 pé kó tó di pé èèyàn á sọ pé apá ti ká a, nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n yẹ̀ wò kò yẹ kó tó 5 tó máa ní in, kó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DSNO, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àrùn tó ń ràn. Èèyàn mélòó lẹ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mélòó ló ní in? Bẹ́ẹ̀dì mélòó ló ṣófo níbi tẹ́ ẹ ń kó wọn sí? Mẹ́ta yẹn ti tó.

Bí wọn ò bá ní ìdáhùn ńkọ́? Ìyẹn náà ìdáhùn ni. Ní Kánò lóṣù kẹrin ọdún yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò tì fún ọjọ́ mélòó kan torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà kó o, ó wá jẹ́ pé àwọn tó ń gbẹ́ sàárè ló kọ́kọ́ ń pariwo pé òkú ti pọ̀ jù. Ibi tí agbẹ́sàárè bá ti ṣáájú dókítà mọ̀, ẹ má ṣí ilé ìwé níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì wo ibi tí àwọn tíṣà yín ń gbé, kì í ṣe ibi tí ilé ìwé wà nìkan. Àrùn lè máà sí lábúlé yín rárá, kí ìdajì nínú àwọn tíṣà ó máa wọkọ̀ láti ìgboro wá láràárọ̀.

Ẹ wá yí ìwé yẹn sẹ́yìn, kẹ́ ẹ kọ ohun tí títì ń bà jẹ́ síbẹ̀. Apá ibí yìí làwọn èèyàn kì í fẹ́ kọ, torí wọ́n rò pé ilé ìwé tó tì ò pa ẹnikẹ́ni lára. Lóṣù kẹrin 2020, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé káàkiri ayé ń lọ sí bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 600. Nílé wo? Ẹ̀kọ́ orí rédíò ń lọ lóòótọ́, ìjọba ṣe é, mi ò ní bú wọn, àmọ́ ẹ wo ilé tí rédíò kan wà fún ọmọ márùn-ún, tí ọ̀kan wà ní praímárì 2 tí èkejì wà ní SS1, tí bàbá sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Kíláàsì orí WhatsApp tèmi, ọmọ 19 ló ń dáhùn, mọ́kàndínlógún náà ni ìyá tàbí bàbá wọn ní fóònù tó dáa. Àwọn tó kù mo mọ ibi tí wọ́n wà, mo ń rí wọn lójú pópó pẹ̀lú páàlì gàlà lórí. Ẹ bi àwọn ará Sierra Leone. Ebola ti ilé ìwé wọn pa fún bí oṣù mẹ́sàn-án, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2015 ni wọ́n tó ṣí, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ti lóyún nílé, ìjọba wọn sì ní ọmọ tóyún ẹ̀ bá ti hàn ò gbọdọ̀ jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn tó kù, ọdún 2020 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Ùgáńdà ti tiwọn lóṣù kẹta 2020, wọ́n ṣí fún àwọn kan díẹ̀, wọ́n tún tì, ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2022 ni gbogbo ọmọ tó padà wọlé. Ọmọ tó wà ní praímárì 1 nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé, ẹ ṣírò ẹ̀.

Kì í ṣe pé mò ń ní kẹ́ ẹ yára ṣí. Mò ń ní kẹ́ ẹ má kọ ojú kan ìwé náà kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní òfìfo ni.

Ó dáa, ta ló máa kọ́kọ́ wọlé? Denmark kó àwọn ọmọ kéékèèké wọlé ṣáájú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2020, torí àwọn yẹn ni kò lè dá kẹ́kọ̀ọ́ nílé, ìyá àti bàbá wọn ò sì lè lọ síbi iṣẹ́. Àwa mú àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò. Kẹ́ńyà kéde lóṣù keje pé ọdún yẹn ti lọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ, wọ́n tún ronú, wọ́n dá kíláàsì mẹ́ta péré padà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá. Àwọn mẹ́ta náà ní ìdí tiwọn. Lójú tèmi, tèdánwò ló yéni jù níbí torí WAEC ò gbọ́ tẹnu ẹni, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a gbàgbé àwọn praímárì 1 àti 2. SS3 tó pàdánù oṣù márùn-ún á jí lóru á kàwé. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti mọ a, b, d tẹ́lẹ̀ á gbàgbé ẹ̀ pátá. (Yunifásítì ni mi ò sọ. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti bá wa yanjú ti wọn, ìyanṣẹ́lódì wọn ò parí títí di ìparí oṣù kejìlá.)

Èyí tẹ́ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ísírẹ́lì ṣe é ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2020, ooru wá mú gan-an lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní káwọn ọmọ bọ́ ìbòmú, AC ń ṣiṣẹ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé ìwé gíráámà kan ní Jerúsálẹ́mù ti ní ọmọ 153 àti òṣìṣẹ́ 25 tó kó o. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán sáàárín ìpele kan sí èkejì, torí àrùn yẹn lè sá pamọ́ sára èèyàn fún ọjọ́ 14 kó tó hàn. Èkó kó SS3 wọlé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, wọ́n dúró títí di ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó dá JSS3 àti SS2 padà nílé ìwé ìjọba, àwọn tó kù tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìyẹn bójú mu. Bí ẹ bá ń ṣí lọ́jọ́ Monday tí kíláàsì kejì fẹ́ wọlé lọ́jọ́ Thursday, ẹ ò tíì rí nǹkan kan kẹ́ ẹ tó fi kún un.

Ilé ìwé tọ́mọ ń sùn sí, ẹ yà á sọ́tọ̀. Oṣù kẹwàá 2020, ní ilé ìwé kan lágbègbè Lẹ́kkí, ọmọbìnrin ọdún 14 kan ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, wọ́n yẹ èèyàn 441 wò, 181 ló ní in. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ara wọn le koko. Ohun tí hósítẹ́ẹ̀lì jẹ́ nìyẹn, yàrá kan, balùwẹ̀ kan, ṣíbí kan. Àyẹ̀wò kí wọ́n tó wọlé dáa, àmọ́ ẹ mọ ẹni tó máa sanwó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ jáde. Wọ́n ní káwọn ọmọ SS3 ilé ìwé aládàáni san 25,000 náírà ní Ògùn, ariwo tó sọ kò kéré, wọ́n sì ní láti yí i padà.

Ẹ jẹ́ n wá dé orí kíláàsì fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwé wa ti kọ́kọ́ ya. Gbogbo wa jókòó ní ọ́fíìsì à ń sọ pé "a máa jìnnà síra wa, a máa jìnnà síra wa," títí tíṣà físíìsì fi ní, "Ẹ dákun, ta ló ti wọ̀n ọ́n?" Èmi, òun, àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì, a mú tépù káfíńtà wọ kíláàsì JSS1. Mítà 9 ní gígùn, mítà 7 ní ìbú. Eruku ti bo gbogbo bẹ́ǹṣì, ẹnì kan ti fìka kọ orúkọ ara ẹ̀ sára ọ̀kan lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn márùn-ún. A fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sílẹ̀, mítà méjì láàrin ẹnì kan sẹ́nì kejì, bí NCDC ṣe ń wí. A yọ iwájú fún tíṣà. Ààyè 16 ló kù. Bàbá géètì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Réjísítà kíláàsì yẹn, orúkọ 64 ló wà níbẹ̀.

16 nínú 64, ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Ọmọ kan á máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin. A tún wọ̀n ọ́n ní mítà kan, èyí tí WHO fara mọ́, ó gba ogójì dáadáa, ọ̀nà méjì nìyẹn, àwọn kan á wá láàárọ̀, àwọn kan á wá lọ́sàn-án. Àwọn àgbà inú wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nǹkan tí Èkó ń ṣe kí Gómìnà Jákàńdè tó kọ́ kíláàsì tó fi lé e lọ la tún padà sí yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé láti ọjọ́ yẹn lọ, àríyànjiyàn wa ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A ò jà lórí "ó yẹ" àti "kò yẹ" mọ́, iye bẹ́ǹṣì, iye tíṣà tó lè kọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láìṣubú, là ń sọ. Nítorí náà ẹ wá tépù. Ẹ má jókòó ní ọ́fíìsì. Bẹ́ ẹ bá sì ní igi máńgò tó ní ìbòòji, ẹ ka ìyẹn mọ́ kíláàsì, atẹ́gùn ibẹ̀ dáa ju ti inú ilé lọ. Fèrèsé tí wọ́n ti fi pákó kàn pa torí olè, ẹ ṣí i.

Omi: ẹ̀rọ tó ń yọ, ọṣẹ níbẹ̀, kò tán síbẹ̀ o, ẹ ka iye ọmọ sí iye ẹ̀rọ. Garawa méjì tó lẹ́nu ẹ̀rọ fún ọmọ 300, ìlà á ṣì wà níbẹ̀ títí bíréèkì, ìlà yẹn gan-an ni wọ́n á sì ti fara kanra. Ṣáláńgá náà, ẹ lọ wò ó fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni.

Fífín oògùn sí ilé ìwé nìkan ni mo ní ìjà sí. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ya fọ́tò, owó lọ. Ilé ìwé tó ti tì fún oṣù mẹ́rin láìsí èèyàn nínú ẹ̀, kòrónà wo ló ń dúró síbẹ̀? WHO ti sọ ọ́ lóṣù karùn-ún pé fífín in káàkiri ìta ò ṣàǹfààní. Owó yẹn á ra ọṣẹ tó máa tó wa lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ara ṣe gbóná tó, èyí tó dà bí ìbọn tí wọ́n ń nà síwájú orí ọmọ náà, ẹ má fi ọkàn yín lé e. Ní 2014 nígbà Ebola, ẹ̀rọ yẹn ló fa ìjà láàrin ìjọba àti NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, àwọn tíṣà ní kò sí, kò tó, ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí ilé ìwé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá, wọ́n fà á padà sí ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, Èkó kọ̀, wọ́n mú ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Fún Ebola ó wúlò, torí ẹni tí kò bá tíì ní ibà kì í ràn án. Ti kòrónà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á ní ara ẹ̀ gbóná, èyí tó ní àrùn ní tòótọ́ tí ara ẹ̀ tutù á sì kọjá wọlé.

Ìbòmú: lóṣù kẹjọ ọdún yẹn WHO àti UNICEF ní ọmọ tí kò ju ọdún 5 lọ kò nílò ẹ̀, ọdún 6 sí 11 kí wọ́n wo bí àdúgbò bá ṣe rí, ọdún 12 sókè kí wọ́n lò ó bí àgbà. Ẹ ní èyí tó ṣẹ́ kù sí ọ́fíìsì, torí mo fojú ara mi rí ọmọ méjì tí wọ́n ń pààrọ̀ tiwọn lẹ́yìn ògiri, ti ẹnì kejì jẹ́ àǹkárá tó rẹwà ju tiẹ̀ lọ.

Àwọn tíṣà. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú mítìn-ìn. Kò sẹ́ni tó máa na ọwọ́ sókè níwájú èèyàn 30 pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìyá àgbà kan tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti dàgbà jù ọ́ lọ." Òun la fi sídìí mímáàkì ìwé àti pípe òbí lórí fóònù, ọmọ kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC gba kíláàsì ẹ̀. Ẹ wo iye tó kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ irú wọn, iye yẹn ló máa sọ fún yín bóyá ọ̀nà méjì ṣeé ṣe. Àwọn kòrópé tó ń gbé ọmọ mẹ́sàn-án náà, ẹ bá alága ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, àti àwọn ìyá tó ń ta bọ́ọ̀lì àti àkàrà níwájú géètì, wọ́n máa tò sójú kan náà tẹ́ ò bá pààlà fún wọn.

Kó tó kan déètì, nǹkan kan ló kù, òun ló ṣe pàtàkì jù fún mi: bẹ́ ẹ ṣe máa tún un tì. Ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ṣí. Bí ọmọ kan bá ní in, kíláàsì wo ló máa lọ sílé, fún ọjọ́ mélòó? Ta ló máa pe DSNO, ta ló máa pe 6232 tó jẹ́ ti NCDC? Yàrá wo lọmọ náà máa jókòó sí kí ìyá ẹ̀ tó dé, ta ló máa jókòó tì í? Mélòó ló gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ tó ti gbogbo ilé ìwé? Èyí ló fà á táwọn ọ̀nà kéékèèké yẹn fi dáa, ẹ óò lè ti ọ̀kan láìti gbogbo ẹ̀, bí àwọn ọmọ kíláàsì kan ò bá ti bá ti ìkejì pàdé lójú bíréèkì. Àwọn èèyàn wa tó wà ní England rí èyí tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2021, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà yẹn ní kí wọ́n mú ọmọ lọ sílé ìwé praímárì, kò séwu. Ọ̀pọ̀ mú wọn lọ ní Monday. Alẹ́ Monday yẹn náà ló bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé ilé ìwé ti tì fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ láti ọ̀la lọ. Ọjọ́ kan! Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pè mí lóru ọjọ́ náà, kò bínú sí kòrónà rárá, "Ta ló máa wá gbé ọmọ dání fún mi láago mẹ́fà àárọ̀?" ló ń sọ.

Déètì wá kù. Bí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé géètì bá ti ní àmì, ẹ ka ọjọ́ mẹ́wàá síwájú, kẹ́ ẹ mú Monday tó bá tẹ̀lé e. Ọjọ́ mẹ́wàá torí ìyá tó ti kó ọmọ lọ sábúlé gbọ́dọ̀ rí owó ọkọ̀, ọmọ náà ti ga ju yunifọ́ọ̀mù lọ. Ẹ jẹ́ kí álífáà sọ ọ́ ní Jímọ̀, kí pásítọ̀ sọ ọ́ ní Sunday, kí ìyálọ́jà sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni kí wọ́n sọ. Ẹ kọ ọ́ fún wọn sórí ìwé kó má baà di "wọ́n ní" lẹ́nu ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, ẹ má kọ́ wọn ní ìṣirò. Ẹ pe réjísítà. Ní kíláàsì tèmi, orúkọ 64, 51 ló dáhùn. Mo mú báírò mo kọ orúkọ àwọn 13 tó kù sórí ìwé lọ́tọ̀, mo fi sápò, kíláàsì ọ̀sán ló gba ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ mi, mo bọ́ síta. Mẹ́fà ṣì wà lábúlé. Méjì ti bọ́ sílé ìwé mìíràn. Ẹnì kan, ọ̀gá rẹwáyà ló gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, bàbá ẹ̀ ti san owó ìgbaṣẹ́, a jókòó sórí táyà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn fún wákàtí kan ká tó fẹnu kò pé ọ̀sán ló máa máa wá síbi iṣẹ́. Mẹ́ta ń kiri, àwọn ìyá wọn gbà lọ́jọ́ kan náà. Ọmọbìnrin kẹtàlá, wọ́n ní kò sí nílé. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ìyá ẹ̀ tó ṣí ìlẹ̀kùn tán pátá, tó ní kí n wọlé, kí n wá bá a jókòó, kí n má pariwo. Ó ti lóyún oṣù mẹ́rin. Mo bi í bóyá ó ṣì fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ìyá ẹ̀ ló dáhùn, "Ṣé wọ́n máa gbà á wọlé ni?" Mo ní kó wá lọ́jọ́ Thursday, bẹ́ǹṣì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmì ṣọ́ọ̀kì tiẹ̀ ni kejì lẹ́bàá fèrèsé.